Láti ààfin dé ààtàn: ọjọ́ méje mi ní ilẹ̀ Máyà, ní Bẹ̀lísè

Ọjọ́ kìíní, Sátidé. Ladyville sí Orange Walk

Láti Houston, bàálù wa ò lò tó wákàtí mẹ́ta tó fi balẹ̀ sí Ladyville, lẹ́yìn ìlú Belize City. Àbúrò mi ọkùnrin ló bá mi wá. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti tó ọdún méjì tó ti gba ìsinmi kẹ́yìn. Kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ti sọ fún un pé etíkun kọ́ là ń lọ o, oko là ń lọ. Ó ní, "Àǹtí mi, mo ti gbọ́." Ó kó ṣòkòtò ìwẹ̀ mẹ́ta dání.

Ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ni mo kà ní Ìbàdàn kí ayé tó sọ mí di oníṣirò owó. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti máa ń bí mi nínú: kí èèyàn tan tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n máa fi ohùn adẹ́rùbani sọ pé àwọn Máyà, ọmọ onílẹ̀ Àárín Amẹ́ríkà, pòórá. Wọ́n pòórá lọ síbo? Àìmọye mílíọ̀nù ọmọ Máyà ló wà láyé lónìí ní Mẹ́síkò, ní Guatẹmálà àti ní Bẹ̀lísè níbí, ọ̀pọ̀ wọn sì ń sọ èdè baba wọn. Ohun tó tán ni ìjọba àwọn ọba ìlú ńláńlá apá gúúsù, láàárín nǹkan bí ọdún 800 sí 900. Àwọn ọba yẹn a máa fín orúkọ ara wọn àti ọjọ́ ogun wọn sára òkúta. Ìgbà tí òkúta dákẹ́, àwọn òpìtàn náà bá a dákẹ́. Èmi fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé àgbẹ̀ tí kò lókùúta tí yóò fín nǹkan sí. Àpáàdì rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí rẹ̀, àti ààtàn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Takisí gbé wa dé ojú títì, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Orange Walk. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìjókòó ọmọdé ni wọ́n ṣe sínú rẹ̀, orúnkún àbúrò mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án lágbọ̀n. Ìpẹ̀kun oṣù kẹrin la wà yìí, oko ni gbogbo ayé ń sun de òjò, ojú ọ̀run rí bí ìgbà ọyẹ́. Dọ́là Amẹ́ríkà kan, méjì tiwọn ni. Ìṣirò yẹn rọrùn fún mi, ọpẹ́lọpẹ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Ọjọ́ kejì, Sunday. Lamanai

Ọkọ̀ ojú omi kékeré ló gbé wa gba odò New River lọ, ó ju wákàtí kan lọ dáadáa. Ọ̀nì sùn sí etí bèbè, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí oorun gbé lọ níbi ìwàásù. Ìtumọ̀ Lamanai gan-an ni ọ̀nì tó rì sómi. Orúkọ yìí ló ń bá mi rìn jù lórí omi. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn orúkọ ahoro ilẹ̀ Máyà, àwọn tó dé lẹ́yìn ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó kù tí wọ́n lè bi. Ṣùgbọ́n Lamanai, ìgbà táwọn àlùfáà Sípéènì dé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọ́n bá èèyàn nílé, àwọn onílé sì sọ orúkọ ìlú wọn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ìrìn-àjò yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, níbi tí kò tú. Ìgbà táwọn ìlú ńlá ń dahoro nínú igbó, àwọn ará ibí ń ṣe pápá eré bọ́ọ̀lù tuntun. David Pendergast tó walẹ̀ níbí láti 1974 títí di 1986 ṣí òkúta tó wà láàárín pápá náà, ó bá àwo kan tó ní ìdérí nísàlẹ̀ rẹ̀, mákíúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, wà nínú rẹ̀ tó ń yí gbiri. Mákíúrì ni o, ní abúlé etí ọ̀sà!

Tẹ́ńpìlì tó ga jù ga ní mítà 33. Àbúrò mi gùn ún, ó ya ara rẹ̀ ní fọ́tò mọ́kànlélógún. Èmi jókòó sábẹ́ igi, mò ń wo òkìtì kéékèèké tó tò lọ létí ọ̀sà, àwọn tí kò sẹ́ni tó ń yà ní fọ́tò. Ilé ni wọ́n. Lẹ́yìn ọdún 900, bí ìlú ṣe ń yí padà, àwọn èèyàn sún mọ́ omi sí i. Wọ́n fi ilé kan sílẹ̀, wọ́n kọ́ òmíràn níwájú, ààtàn wọn sì ga lórí ilé àwọn ọlọ́lá àná. Wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ohun ọ̀ṣọ́ bàbà, irú èyí tí kò sí nígbà àwọn ọba ńláńlá. Ìlú àwọn tí wọ́n ní ó ti pòórá nìyí o, wọ́n ń ra ṣaworo.

Apá gúúsù ni àlàpà ṣọ́ọ̀ṣì wà. Àwọn Sípéènì kọ́ ọ̀kan, wọ́n tún kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ. Nígbà tí yóò fi di 1641, àwọn ará ìlú ti dìde, wọ́n sun ún, wọ́n sì padà síbi òrìṣà wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òkúta gbọọrọ ti àtijọ́ kan nàró níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì náà wà, wọ́n ń rúbọ sí i.

Àbúrò mi béèrè pé, "Àǹtí mi, ṣé wọ́n di Kìrìsìtẹ́nì àbí wọn ò dì í?"

Mo ní kó rántí bàbá wa àgbà, tó jẹ́ bàbá ìjọ tí kò sì jẹ́ kọjá lójú omi Ọ̀ṣun láìbọ́ fìlà. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ọjọ́ kẹta, Mọ́ńdè. Ojú ọ̀nà

Bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì. Táyà kan bẹ́ kí a tó dé Belmopan, a sì dúró nínú oòrùn fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mélòó kan. Ohun tó gbà wá là ni ohun tí a rà ní ibùdókọ̀ Belize City, lọ́wọ́ ìyá kan tó gbé agbọ̀n kalẹ̀: àgbàdo tútù tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi háríhá rẹ̀ dì, tí wọ́n sì sè. Mo tú u, mo gbóòórùn rẹ̀, sàpàlà ni! Wọ́n ń pè é ní dúkúnù. Orúkọ náà, láti etíkun Ghana ló ti bá àwọn ẹrú wá. Àgbàdo tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ onílé. Àgbàdo tí à ń kì pé ó rìnhòòhò lọ sóko tó kó igba aṣọ bọ̀, ibí ni oko tó ti wá. Ata, ẹ̀gẹ́, kòkó, ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí náà ni gbogbo wọn ti wá. Ọbẹ̀ wo ni à bá máa sè lónìí?

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó wọ San Ignacio.

Ọjọ́ kẹrin, Tuesday. Xunantunich

Ní abúlé San José Succotz, ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan ló ń gbé èèyàn àti mọ́tò sọdá odò Mopan. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Ọkùnrin kan dúró létí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ yí irin kan, wáyà tó ti òdìkejì wá sì ń fà wá lọ díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kóun bá a yí i, ó yí i dé ìdajì odò, ó wá ń wá ibi tí yóò jókòó sí.

El Castillo, ààfin tó jẹ́ tẹ́ńpìlì, ga tó mítà 40. Láti orí rẹ̀ èèyàn á rí Guatẹmálà kedere. Ohun tó yẹ kí èèyàn mọ̀ nípa ìlú yìí ni pé ọlọ́lá ọ̀sán gangan ni. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ bíi Cahal Pech ti wà láti nǹkan bí ọdún 1200 ṣáájú ìbí Jésù; Xunantunich kò di ńlá títí di ọ̀rúndún keje lẹ́yìn ìbí Jésù. Ó yára gòkè, ó kọ́ ilé lórí ilé, ó sì tò àwọn àgbẹ̀ yí ara rẹ̀ ká. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó rọ̀ ni ọba rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbé òkúta nàró: ọ̀kan ní 820, ọ̀kan ní 830, ọ̀kan ní 849. Lẹ́yìn 849, kò sí òmíràn mọ́.

Mo dúró ti àwọn òkúta náà nínú ilé tí wọ́n kó wọn sí. Ó jọ mí lójú bí ẹni tó mọ̀ pé ìlù fẹ́ dákẹ́ tó wá ń pariwo orúkọ ara rẹ̀. Àwọn tó ń walẹ̀ ilé àgbẹ̀ káàkiri agbègbè náà rí i pé, nígbà tí ọba ń gbé èyí tó kẹ́yìn nàró yìí, ọ̀pọ̀ agbo ilé ti dahoro. Àwọn àgbẹ̀ ti ń kó ẹrù kí ọba tó mọ̀, tàbí kí ọba tó gbà pé òun mọ̀.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀yọ́ Ilé dahoro ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, igbó bo ààfin, ẹkùn wọ inú àgbàlá. Ta ló jẹ́ sọ pé ọmọ Ọ̀yọ́ pòórá? Wọ́n wà ní Ìbàdàn, wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n wà ní Houston tí wọ́n ń san owó ilé.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo bá ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ Succotz ni, bíi púpọ̀ nínú wọn. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni iṣẹ́ ìwalẹ̀ ti jẹ́ iṣẹ́ abúlé yẹn. Mo ní mi ò wá torí ààfin nìkan, mo fẹ́ rí òkìtì ilé tálákà. Ó wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bàbá òun àgbà kan wà tó ní irú òkìtì bẹ́ẹ̀ nínú oko.

Ọjọ́ karùn-ún, Wẹ́sìdeè. Oko

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé torí ọjọ́ yìí nìkan ni mo fi wá.

Bàbá olóko ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ti bá àwọn òyìnbó awalẹ̀pìtàn ṣiṣẹ́ fún ọdún tó pọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa erùpẹ̀ bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa irin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sun oko rẹ̀ ni, eérú ṣì ń gbóná lábẹ́ bàtà, gbogbo ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbalaja. Ó na ọwọ́. Mo wò, mi ò kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Ìgbà tó yá ni ojú mi là: òkìtì mẹ́rin, kò sí èyí tó ga ju orúnkún lọ àfi ọ̀kan tó dé ìdí mi, wọ́n kọjú síra wọn yí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan ká.

Àbúrò mi ní, "Àǹtí mi, ṣé èyí ni a tìtorí ẹ̀ wọ bàálù?"

Mo ní, "Agbo ilé ni. Wo àgbàlá rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń gbé. Wọ́n á kọ́kọ́ fi òkúta àti erùpẹ̀ mọ pèpéle, kí omi òjò má baà wọlé. Wọ́n á wá ri igi mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n á fi amọ̀ rẹ́ ẹ, wọ́n á fi imọ̀ kọ́ òrùlé rẹ̀. Ilé kan fún sísùn, ọ̀kan fún ìdáná, ọ̀kan fún ọmọ tó gbéyàwó. Igi jẹrà, imọ̀ jẹrà, amọ̀ padà di ilẹ̀. Pèpéle nìkan ló kù. Tí ọmọ bá tún ilé kọ́ lórí ti baba, pèpéle á ga sí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí fi ga jù, òun ni ilé àwọn àgbà. Abẹ́ ilẹ̀ ilé ni wọ́n sì ń sin òkú wọn sí. Mo ṣàlàyé èyí fún bàbá pé àwa náà, inú yàrá ni wọ́n sin baba baba mi sí, a sì ń sùn níbẹ̀ ní ọdún Kérésì. Bàbá olóko náà mi orí, ó ní báwo ni ẹ ṣe wá lè fi ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Mi ò rí èsì fún un.

Ó mú wa lọ sí ẹ̀yìn òkìtì tó ga. Ó ní tí o bá fẹ́ mọ onílé, má ṣe wá iwájú ilé, ẹ̀yìnkùlé ni kí o lọ, ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Ó fi ìdí àdá ha eérú kúrò, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Àpáàdì, àpáàdì, àpáàdì. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ pupa bí ẹran gbígbẹ, ó nípọn, ara ìkòkò omi ni. Ó mú ọ̀kan tó jẹ́ ti etí ìkòkò, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀lé bó ṣe tẹ̀ síta. Bí etí ìkòkò ṣe tẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìran tó mọ ọ́n, ó ní òun lè fi ọwọ́ nìkan mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Ó dijú, ó sọ ti ọ̀rúndún tó jẹ́, ó sì dá a padà síbi tó ti mú un, ó yí i bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ṣa ìkarahun kékeré kan tó rí gúngùn bí ìka ọmọ ọwọ́. Hútè ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ ìṣáwùrú rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣóńṣó orí rẹ̀ ti ṣẹ́ kúrò, ó tẹ́ rèǹtè. Àbúrò mi rò pé ó fọ́ ni. Rárá. Wọ́n ṣẹ́ ẹ ni, kí ẹnu lè fa ẹran jáde láti òdìkejì. Ojúmọ́ kan báyìí, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnì kan jókòó sí ẹ̀yìnkùlé yìí, ó fa ọbẹ̀ mu, ó ju ìkarahun sẹ́yìn. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi, n kò fẹ́ gbé e sílẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ègé òkúta dúdú kan, kò ju èékánná lọ, ó ń dán bí ìgò, ẹnu rẹ̀ sì mú títí di báyìí. Irú rẹ̀ kò sí ní Bẹ̀lísè rárá. Láti orí òkè Guatẹmálà, níbi tí iná abẹ́ ilẹ̀ ti ń tú, ni wọ́n ti ń rù ú wá, láti ibi bíi El Chayal àti Ixtepeque. Ohun tó wà nínú òkúta náà ni wọ́n fi ń mọ orísun rẹ̀. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: àgbẹ̀ lásán, orí ẹrẹ̀ ló ń gbé, abẹ tó fi ń gé ẹran rẹ̀ ti rìn láti orílẹ̀-èdè mìíràn wá. Tí irú òkúta yìí bá dínkù nínú ààtàn láti ìpele kan dé èkejì, a mọ̀ pé ọ̀nà ọjà ti ń dí. Àgbẹ̀ á ti mọ ọ́n lára kí akọ̀wé ọba tó mọ̀ ọ́n.

Kò jìnnà síbí ni Chan wà, abúlé tí Cynthia Robin àti àwọn èèyàn rẹ̀ walẹ̀ sí láti 2002. Mo ti ka nípa rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ilé 274 ni wọ́n kà níbẹ̀, àti ògiri òkúta kúkúrú 1,223 tí àwọn àgbẹ̀ tò sí ẹ̀gbẹ́ òkè kí òjò má baà fọ ilẹ̀ lọ. Kò sí ọba kankan tó pàṣẹ kí wọ́n tò wọ́n. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ń tò ti ẹ̀gbẹ́ ilé tirẹ̀, ọmọ ń tún ti baba ṣe. Láti nǹkan bí ọdún 800 ṣáájú ìbí Jésù títí di nǹkan bí 1200 lẹ́yìn rẹ̀ ni èèyàn fi gbé Chan. Ẹgbẹ̀rún ọdún méjì! Xunantunich tó ń ṣe ọba lé e lórí kò lò ju ọ̀rúndún mélòó kan lọ nínú ọlá. Igbó wọn kò tán bó ṣe tán láwọn ibòmíràn. Nínú èédú ìdáná wọn ni wọ́n ti rí igi igbó ńlá títí dé òpin. Ó hàn pé wọ́n mọ ibi tí àdá gbọ́dọ̀ dúró.

Apá kan tó ń jẹ́ Chan Nòohol tilẹ̀ dùn mọ́ mi jù. Ilé àgbẹ̀ bíi méje péré ni, èyí tí wọ́n kọ́ nígbà tí Xunantunich ń gòkè, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kí ọ̀rúndún kẹjọ tó parí. Àgbàlá ibẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí àpáàdì ńlá kankan, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbá a. Ó wá di pé àwọn awalẹ̀pìtàn gbọ́dọ̀ bu erùpẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n ka èròjà tí oúnjẹ àti eérú fi sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo àti ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Màmá mi ìbá fẹ́ràn ìyá ilé yẹn. Ọwọ̀ rẹ̀ gbá ẹ̀rí lọ fún ẹgbẹ̀rún ọdún, àfi èyí tó wọ ilẹ̀ tán.

Mo bi bàbá pé kí ló lé wọn. Mo mọ ohun tí àwọn ìwé sọ. Ní ihò Yok Balum ní gúúsù Bẹ̀lísè, àwọn onímọ̀ ka òkúta tí omi tó ń kán láti òkè mọ bí ẹni ka ìwé ọdún, wọ́n sì rí i pé òjò ṣọ̀wọ́n léraléra láàárín 660 sí 1000, ọ̀dá kan tó gùn jù sì tẹ̀lé e láàárín 1020 sí 1100. Ogun wà níbẹ̀ náà, àti ọba tó ń béèrè iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Bàbá gbọ́ mi tán. Ó ní gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n òun ti gbẹ́ ilẹ̀ ilé tó pọ̀, òun kò bá ibi tí gbogbo èèyàn ti lọ lọ́jọ́ kan rí. Nínú agbo ilé mẹ́rin, ọ̀kan á kọ́kọ́ dá. Wọ́n á máa da ìdọ̀tí sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà èkejì. Ẹni tó kẹ́yìn á kù síbẹ̀ pẹ̀lú orórì àwọn bàbá rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Ó ní bí abúlé òun náà ṣe ń ṣe nìyẹn, ọmọ òun mẹ́ta ń bẹ ní Los Angeles.

Nílé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ fún wa ní tọ́tíyà gbígbóná àti ẹ̀wà dúdú. Mo rí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná tó jẹ́ kí n dẹ́kun jíjẹ: ọlọ, ti àtijọ́ pátápátá, akọ òkúta tí wọ́n ń gbé wá láti òkè Mountain Pine Ridge. Wọ́n ti lọ̀ ọ́ títí àárín rẹ̀ fi jìn bí ọkọ̀ ojú omi, ó kù díẹ̀ kó lu. Abẹ́ ìtulẹ̀ ni bàbá ti rí i, kò sì dàmú ẹnikẹ́ni. Omi ló wà nínú rẹ̀, adìyẹ ló ń mu ún.

Ọlọ ni a máa ń fi sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kó ìyá ìyá mi kúrò ní abúlé wa wá sí Òṣogbo, wọ́n kó ìkòkò, wọ́n kó ẹní, wọ́n kó àwòrán ọkọ rẹ̀. Ọlọ rẹ̀ wúwo jù, kò sí ààyè nínú mọ́tò. Ó ṣì wà lábẹ́ àlàpà yẹn títí di òní, ewéko ti bò ó. Tí ẹnì kan bá walẹ̀ níbẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún sí i, yóò ní àwọn ará ibí pòórá.

Ọjọ́ kẹfà, Tọ́sìdeè. Caracol

Ọ̀nà jìn, eruku pọ̀, àwọn eégbọn àná sì ń ṣe iṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀ mi. N kò ní pẹ́ níbí.

Caana, òkè ààfin ibẹ̀, ga tó mítà 43. Òkúta kan ní Caracol sọ nípa ìṣẹ́gun Tikal, ìlú ńlá Máyà kan ní Guatẹmálà, ní 562, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ṣùgbọ́n ní ojú tèmi, ohun tó gbayì níbẹ̀ ni ilẹ̀ oko. Àwọn awalẹ̀pìtàn méjì, Arlen àti Diane Chase, ti ń fi ẹsẹ̀ rìn inú igbó yẹn láti 1985, wọ́n ń wọn òkìtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2009, bàálù kan gbé ìtànṣán láísà kọjá lókè, láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré ó fi ilẹ̀ tó tó kìlómítà 200 níbùú lóròó hàn lábẹ́ igi, ògiri òkúta àwọn àgbẹ̀ sì bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè. Àwọn méjèèjì yìí náà ló sọ ohun kan tó dá mi lójú jù ọ̀dá òjò lọ: nígbà tí ìlú dára, ohun tó wà nílé ọlọ́lá wà nílé àgbẹ̀ náà, bí kò tilẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tú, àwo dáradára tuntun wà láàfin, àgbẹ̀ sì ṣì ń jẹun nínú àwo àtijọ́. Òkúta tó kẹ́yìn níbẹ̀, 859 ni ọjọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé yàrá, mo ń wá oògùn eégbọn nínú àpò àbúrò mi. Ọwọ́ mi kan ohun líle kan nínú ìbọ̀sẹ̀. Mo fà á yọ. Àpáàdì ni, pupa, etí ìkòkò, ó tẹ̀ síta.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi. Ọ̀kan péré ni. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀."

Mo bá a wí, mo bá a wí gan-an. Òfin Bẹ̀lísè ni pé ohun àtijọ́ jẹ́ ti ìjọba, ẹni tó bá gbé e sọdá ẹnubodè ń wá ẹjọ́. Ó tún wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ní Ìbàdàn pé àpáàdì tó bá ti kúrò níbi tó wà ti di òkúta lásán, kò lè sọ ilé tó ti wá mọ́. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn tí mo parí ló ní òun fẹ́ fi han Màmá ni, pé ìkòkò rẹ̀ ló jọ.

Ó jọ ọ́ lóòótọ́.

Ọjọ́ keje, Fúráìdeè. Succotz sí Ladyville

Ọkọ̀ òfurufú wa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ la ti wà lójú ọ̀nà oko. Àbúrò mi ló gbé àpáàdì náà, ó fi aṣọ ìnujú dì í. Lójú ọ̀nà ló ń bi mí bóyá bàbá máa bínú. Mo ní yóò bínú, kó lè wọ̀ ọ́ lára.

A bá bàbá níwájú ilé, ó ń pọ́n àdá. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, èyí tó mú kí ìyàwó bàbá sáré jáde, ó rò pé ara rẹ̀ kò yá. Ó sọ ohun tó ṣe. Bàbá tú aṣọ náà, ó fi àtàǹpàkò wo etí rẹ̀, ó bi í pé ibo gan-an ló ti mú un. Àbúrò mi kò rántí dáadáa, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn òkìtì gíga, ó tún nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bàbá mú un lọ́wọ́ bí ọmọdé, wọ́n jọ wọ inú oko lọ. Mo ń wò wọ́n láti ọ̀nà jíjìn, àwọn méjèèjì lóṣòó sínú eérú, wọ́n ń wo ilẹ̀, bàbá ń nawọ́ síbí, àbúrò mi ń mi orí, wọ́n á tún sún síwájú. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó rí ojú ihò kékeré tó ti yọ ọ́.

Ìyàwó bàbá di oúnjẹ fún wa nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kọ̀ kí a san owó rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, kí a tó dé Belmopan, àbúrò mi ti tú tirẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ tán, ó ń wo tèmi.